Ṣúgà ológbò mi: 142, lẹ́yìn ìṣẹ́jú mẹ́wàá 318. Èwo ni kí n gbà gbọ́?

ÌyáDúdú, Ìgbógbó

Ẹ kú ìrọ̀lẹ́ o, ẹ̀yin ará ilé. Mo mọ̀ pé àwọn kan á ti máa rẹ́rìn-ín, ṣùgbọ́n ọ̀rọ̀ ológbò ni mo gbé wá. Dúdú lorúkọ rẹ̀. Akọ ni, ọmọ ọdún mẹ́sàn-án, wọ́n ti tẹ̀ ẹ́ lọ́dàá láti kékeré. Ní nǹkan bí oṣù méjì sẹ́yìn ni mo rí i pé ó ń mu omi bí ẹni tó jẹ iyọ̀. Yanrìn tó ń tọ̀ sí di ẹrẹ̀. Ó ń jẹun bí eéṣú, síbẹ̀ eegun ẹ̀yìn rẹ̀ ń yọ. Nígbà tó wá ń fi gìgísẹ̀ ẹ̀yìn tẹlẹ̀ bí ehoro, mo gbé e lọ sọ́dọ̀ dókítà ẹranko. Ṣúgà rẹ̀ jẹ́ 412 lọ́jọ́ náà. Àtọ̀gbẹ ni.

Ó di ọ̀sẹ̀ mẹ́ta báyìí tí mo ti ń gún un ní abẹ́rẹ́ ínsúlínì, oògùn tó ń mú ṣúgà wálẹ̀, yúníìtì kan (ìwọ̀n oògùn náà) láàárọ̀, ọ̀kan lálẹ́. Dókítà ní kí n máa wọn ṣúgà rẹ̀ nílé. Ẹ̀rọ ìyá ọkọ mi ni mo ń lò, torí ìtọ̀ ṣúgà ń ṣe ìyá náà, sítíríìpù, pélébé tí a ń kan ẹ̀jẹ̀ sí lẹ́nu ẹ̀rọ, kì í tán nílé wa. Ohun tó ń dà mí láàmú rèé: lánàá, agogo mẹ́fà ìrọ̀lẹ́, 142. Ó yà mí lẹ́nu. Mo tún un wọ̀n lẹ́yìn ìṣẹ́jú mẹ́wàá, 318. Ẹ̀ẹ̀kẹta, ẹ̀rọ kọ̀, kò sọ nǹkan kan. Ológbò kan náà, etí kan náà. Ṣé kí n gún un lábẹ́rẹ́ ni àbí kí n má gún un? Mo jókòó sórí àpótí nílé ìdáná, mo ń sunkún bí ọmọdé.

Ẹ̀gbọ́nÌjẹ̀dẹ́

Ìyá Dúdú, ẹ nu ojú yín. Ológbò tèmi ti lo ọdún méjì lórí ínsúlínì, ojú mi ti rí ju bẹ́ẹ̀ lọ. Ẹ dá mi lóhùn ná. Níbo lẹ ń tọ́jú sítíríìpù sí? Etí rẹ̀ gbóná àbí ó tutù kí ẹ tó gún un? Ibo gan-an lẹ gún lára etí náà?

ÌyáDúdú, Ìgbógbó

Ẹ̀gbọ́n, ẹ ṣé. Orí fíríìjì ni sítíríìpù wà, lẹ́gbẹ̀ẹ́ fèrèsé. Ìyá máa ń gbàgbé láti dé e. Etí Dúdú tutù bí omi kànga. Ibi tí àyè bá ti gbà mí ni mo ń gún, bí ẹ̀jẹ̀ kò bá jáde, màá fún etí náà títí nǹkan á fi kán. Lẹ́ẹ̀kejì lánàá, ẹ̀jẹ̀ kò kún ojú sítíríìpù, mo tún fi ẹ̀kán kan lé e.

Ẹ̀gbọ́nÌjẹ̀dẹ́

Àlàyé ti dé nìyẹn. Ẹ má ka 142, ẹ má sì ka 318. Méjèèjì ò níyì.

Ẹ gbé etí ológbò síwájú ìmọ́lẹ̀. Ẹ ó rí iṣan ẹ̀jẹ̀ tẹ́ẹ́rẹ́ kan tó gba etí etí kọjá (mo mọ̀ pé ó ń ṣeré lẹ́nu). Kì í ṣe iṣan yẹn gan-an lẹ máa gún. Àlàfo tín-ín-rín tó wà láàárín iṣan náà àti ibi tí etí parí sí ni. Àwọn iṣan wẹ́wẹ́ pọ̀ níbẹ̀, ẹ̀jẹ̀ ibẹ̀ sì ń yọ bọ̀ǹbọ̀, kì í ṣàn kiri. Bí etí Dúdú bá dúdú bí orúkọ rẹ̀, ẹ tan tọ́ọ̀ṣì fóònù láti ẹ̀yìn etí, iṣan á hàn.

Ooru ni àṣírí iṣẹ́ yìí. Etí tó tutù kì í fẹ̀jẹ̀ sílẹ̀. Ìrẹsì tí a kò sè ni mo dà sínú ìbọ̀sẹ̀ ọmọ, mo so ẹnu rẹ̀. Tí ọbẹ̀ bá wà lórí iná, màá gbé e lé orí ìdérí ìkòkò títí á fi lọ́ wọ́ọ́rọ́. Ẹ̀rẹ̀kẹ́ ara mi ni mo kọ́kọ́ ń fi kàn; ohun tí ẹ̀rẹ̀kẹ́ mi ò bá gbà, etí ológbò kò gbọdọ̀ rí i. Lẹ́yìn náà màá fi bo etí rẹ̀ fún bí ìṣẹ́jú kan. Màá wá fi Vaseline ra ojú ibẹ̀ fẹ́lẹ́fẹ́lẹ́ kí ẹ̀jẹ̀ má bàa wọ inú irun. Fẹ́lẹ́fẹ́lẹ́ ni mo wí o, kì í ṣe bí ìgbà tí a ń para lásìkò ọyẹ́. Tíṣù tí mo ká ni mo fi ń ti etí láti ẹ̀yìn kí abẹ́rẹ́ má bàa là á já wọ ìka mi.

Ẹ má fún etí. Fífún ń mú omi ara dà pọ̀ mọ́ ẹ̀jẹ̀, nọ́ńbà á sì yí padà. Ẹ jẹ́ kí ẹ̀kán náà dá dúró, kí ẹ fi ẹnu sítíríìpù kàn án. Òun fúnra rẹ̀ ló máa fà á mu. Bí kò bá tó, ẹ ju sítíríìpù yẹn nù. Ó dùn mí láti sọ bẹ́ẹ̀, mo mọ iye tí wọ́n ń tà á, ṣùgbọ́n èyí tí ẹ bá fi ẹ̀kán kejì lé, ìtàn ló máa sọ fún yín. Lẹ́yìn náà, ẹ fi tíṣù tẹ ojú ibi tí ẹ gún fún bí ìṣẹ́jú àáyá ọgbọ̀n, bí bẹ́ẹ̀ kọ́, etí á wú, lọ́la kò ní jẹ́ kí ẹ fọwọ́ kan òun. Tèmi, kí n tó dìde nílẹ̀ ló ti ń wo ọwọ́ mi fún ẹran adìyẹ tí a sè láìfi iyọ̀ sí i.

Abẹ́rẹ́ tí wọ́n fi ń gún ìka: nọ́ńbà ara páálí rẹ̀, èyí tó bá kéré ló nípọn jù. 33 kò ní ṣe nǹkan kan fún etí tí kò tíì mọ́ra. Ẹ wá 28, tàbí 26 pàápàá fún oṣù àkọ́kọ́. Ẹ yọ ọ́ kúrò nínú ike bíi bírò tó ń ta abẹ́rẹ́ jáde “páù” yẹn, ọwọ́ lásán ni kí ẹ fi gún un. Ariwo náà ń bà wọ́n lẹ́rù ju abẹ́rẹ́ lọ. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ̀rọ lè jẹ́ ti ẹ̀yin àti ìyá ọkọ yín, abẹ́rẹ́ kò gbọdọ̀ jẹ́ àjọlò láé.

Nọ́ọ̀sìÀgbádárìgì

Ìyá Dúdú ọmọ mi, pẹ̀lẹ́. Ènìyàn ni mo tọ́jú títí mo fi fẹ̀yìn tì, n kò mọ̀ nípa ológbò, ṣùgbọ́n sítíríìpù ni mo mọ̀ dunjú. Ohun tó ń bá ṣúgà ṣiṣẹ́ wà lójú rẹ̀, ọ̀rinrin àti ooru ló sì ń pa á. Níhìn-ín lẹ́bàá òkun, tí aṣọ kì í gbẹ bọ̀rọ̀, mo ti rí ike tí wọ́n ṣí sílẹ̀ mọ́jú tí gbogbo rẹ̀ bàjẹ́. Wo ara ike náà, ọ̀pọ̀ nínú wọn ni wọ́n kọ ọ́ sí pé kò gbọdọ̀ ju ìwọ̀n ooru 30 lọ. Lẹ́gbẹ̀ẹ́ fèrèsé ìdáná ní Ìkòròdú, lósù kẹta? Kọjá bẹ́ẹ̀ dáadáa. Má wá sọ pé ó yá, kí n gbé e sínú fíríìjì. Bí o bá ń gbé e wọlé gbé e jáde nínú fíríìjì, ó máa làágùn, omi á wọ̀ ọ́. Inú dúrọ́ọ̀ yàrá ló dára jù, nínú ike tirẹ̀ gan-an, kí o dé e pa lójú ẹsẹ̀ tí o bá ti mú ọ̀kan. Kọ ọjọ́ tí o ṣí i sára rẹ̀ pẹ̀lú bírò. Àwọn mìíràn kì í kọjá oṣù mẹ́ta lẹ́yìn tí a bá ti ṣí wọn, ohun yòówù kí wọ́n kọ sídìí páálí.

Bi wọ́n ní kẹ́míìsì bóyá wọ́n ní omi àyẹ̀wò ẹ̀rọ náà. Ṣúgà inú omi yẹn ti ní ìwọ̀n, ara ike sítíríìpù ni wọ́n máa ń kọ iye tó yẹ kó jáde sí. Bí ẹ̀rọ kò bá sọ iye yẹn, ẹjọ́ kò sí lọ́rùn ológbò.

Kí o sì fọ ọwọ́. Lẹ́nu iṣẹ́ mi, ìyá kan bó ọsàn tán, a gún un níka, ẹ̀rọ ń pariwo irinwó-ó-lé. Ó fọ ọwọ́, a tún gún un, 126. A ti ń wá dókítà kiri nígbà yẹn. Ẹni tó ń mú etí ológbò lọ́wọ́ kò gbọdọ̀ ti jẹ máńgòrò.

Ẹ̀rọ tó dáa pàápàá kì í sọ nọ́ńbà kan náà lẹ́ẹ̀mejì. Ìlànà àgbáyé tí wọ́n fi ń yẹ ẹ̀rọ ènìyàn wò, èyí tó jáde ní 2013, gbà á láyè kó fi 15 nínú 100 ṣìnà tí ṣúgà bá ti tó 100. Nítorí náà 200 lè jẹ́ 170, ó sì lè jẹ́ 230. Má sunkún nítorí 210 àti 235. 142 àti 318 ni wàhálà.

ỌmọSábó

Ẹ̀yin ará, kí ló dé tí ẹ ń fi ìyà jẹ ara yín? Ewúro ni kí ẹ fún, kí ẹ fi omi rẹ̀ pò ó mọ́ ẹja. Ṣúgà á wálẹ̀. Bí sítíríìpù bá wọ́n, ẹ fi àlùmọ́gàjí gé e sí méjì.

DókítàẸranko, Ẹ̀pẹ́

ỌmọSábó, jọ̀ọ́, àbúrò mi. Sítíríìpù tí a bá gé sí méjì ti kú. Ológbò tó nílò ínsúlínì tí wọ́n gbà á lọ́wọ́ rẹ̀ nítorí ewúro, mo ti gba irú rẹ̀ lálejò rí, ó ti ń bì, kò lè dìde mọ́. Ẹ má ṣe é.

Màmá Dúdú, ẹ jẹ́ kí n fi nǹkan mẹ́ta kún un.

Èkíní, ẹ̀rọ ènìyàn kò mọ ológbò. Nínú ẹ̀jẹ̀ ènìyàn, nǹkan bí 58 nínú 100 ṣúgà ló wà nínú omi ẹ̀jẹ̀, tí 42 wà nínú àwọn hóró pupa. Ti ológbò, nǹkan bí 93 ló wà nínú omi, 7 péré ló wà nínú hóró. Ìṣirò ti ènìyàn ni ẹ̀rọ yín ń ṣe, ìdí nìyẹn tó fi sábà máa ń sọ iye tó kéré sí òótọ́, àlàfo náà sì máa ń fẹ̀ sí i bí ṣúgà bá ṣe ń ga. Ẹ̀rọ tí wọ́n ṣe fún ẹranko wà, AlphaTRAK ni èyí tí ẹ máa gbọ́ jù. Bí ẹ bá rí i rà, ẹ rí i pé kóòdù ológbò lẹ fi sí i, kì í ṣe ti ajá. Bí ẹ kò bá rí i, ẹ̀rọ ìyá ṣeé lò. Ṣùgbọ́n òun nìkan ni kí ẹ máa lò, kí ẹ sì sọ fún dókítà yín pé ti ènìyàn ni. Ẹni tó bá ń lo ẹ̀rọ méjì pa pọ̀ ti ra ìjà wálé.

Èkejì ni ìpayà. Láti Ìgbógbó dé ọ̀dọ̀ dókítà, nínú àpótí, nínú kẹ̀kẹ́, ajá ń gbó: ológbò tí kò ní àtọ̀gbẹ rárá lè kọjá 300 nítorí ẹ̀rù lásán. Nígbà tí ara rẹ̀ balẹ̀, 70 sí 150 ni ti ológbò tó ń ṣe dáadáa. Ìdí rèé tí mo fi fẹ́ nọ́ńbà tilé ju tèmi lọ. Bí ẹ bá jà fún ìṣẹ́jú mẹ́wàá kí ẹ tó rí ẹ̀jẹ̀, ẹ kọ “a jà” sẹ́gbẹ̀ẹ́ nọ́ńbà náà nínú ìwé.

Ẹ̀kẹta ló ṣe pàtàkì jù lọ. Fún ẹni tó ṣẹ̀ṣẹ̀ bẹ̀rẹ̀, tí nọ́ńbà ìṣáájú abẹ́rẹ́ bá kéré sí 200, ẹ má gún un, ẹ pe dókítà yín. Tí nọ́ńbà bá rú yín lójú bíi ti àná, ẹ má gún un. Abẹ́rẹ́ kan tó fò kì í sábà ṣe ológbò ní nǹkan, ínsúlínì tó pọ̀ jù lẹ́ẹ̀kan ṣoṣo lè pa á. Bí ẹ bá rí i tó ń ta gọ̀ọ́gọ̀ọ́, tí ojú rẹ̀ ń wo ibi tí kò sí nǹkan, tàbí tí ẹ̀rọ sọ 60 wálẹ̀, tó bá ṣì lè gbé nǹkan mì, ẹ fún un lóúnjẹ kíá. Bí kò bá lè jẹun, ẹ fi oyin ra erìgì rẹ̀. Ẹ má dà á sí i lọ́fun. Kí ẹ sì máa gbé e bọ̀ lọ́dọ̀ dókítà lójú ẹsẹ̀.

BàbáÀgíríkì

Ẹ̀yin ò tíì sọ ti aládùúgbò. Agogo méjìlá òru, NẸ́PÀ ti mú iná lọ, mo fi tọ́ọ̀ṣì sẹ́nu, mo di ológbò dúdú mú, abẹ́rẹ́ lọ́wọ́. Ìyàwó onílé yọjú láti fèrèsé. Láti ọjọ́ yẹn, tí mo bá kí i, “ẹ̀jẹ̀ Jésù” ló fi ń dáhùn. N kò dá a lẹ́bi.

Ohun tí mo fẹ́ sọ gan-an ni pé kí ẹ kọ́kọ́ fi ọ̀sẹ̀ kan ṣe eré rẹ̀ láìgún un. Ibì kan náà, aṣọ kan náà lórí ẹsẹ̀, ẹ mú etí rẹ̀ lọ́ wọ́ọ́rọ́, ẹ fọwọ́ pa á, ẹ fún un ní ẹja, ẹ jẹ́ kó lọ. Tèmi ti ń wá dúró fúnra rẹ̀ báyìí tó bá ti gbọ́ ariwo ike sítíríìpù.

ỌmọÌtóìkín

Ìbéèrè ni tèmi. Ẹ̀rọ tí àbúrò mi fi ránṣẹ́ láti London ń sọ 11.3. Ṣé ológbò mi ti kú ni?

Nọ́ọ̀sìÀgbádárìgì

Kò kú, ọmọ mi. Ìwọ̀n ti Òyìnbó lọ́hùn-ún (mmol/L) nìyẹn. Kó lè di irú èyí tí à ń sọ níbí (mg/dL), sọ ọ́ di ìlọ́po 18. Ó lé díẹ̀ ní 203.

ÌyáỌlọ́jà, Ẹ̀pẹ́

Ẹ kú ọ̀rọ̀ o. Mo lo ohun tí wọ́n ń lẹ̀ mọ́ ara kó lè máa wọn ṣúgà tọ̀sán-tòru, Libre, nígbà kan. Ó yẹ kó lo ọjọ́ mẹ́rìnlá. Ológbò mi fi ẹsẹ̀ ẹ̀yìn yọ ọ́ lọ́jọ́ karùn-ún, ó sì jókòó tì í bíi pé kì í ṣe òun. Owó ńlá ni. Ṣùgbọ́n fún ọjọ́ márùn-ún yẹn, mo rí ohun tí abẹ́rẹ́ ń ṣe lóru nígbà tí mo ń sùn. Omi abẹ́ awọ ló ń wọ̀n, kì í ṣe ẹ̀jẹ̀, torí náà ó máa ń pẹ́ díẹ̀ lẹ́yìn òótọ́ tí ṣúgà bá ń já wálẹ̀ kíákíá. Bí nọ́ńbà rẹ̀ bá bà yín lẹ́rù, ẹ fi ẹ̀jẹ̀ etí wádìí rẹ̀.

Àwọn tí kò rọ́wọ́ mú, sítíríìpù ìtọ̀ wà ní kẹ́míìsì, kò wọ́n. Kò ní sọ iye fún yín, ṣùgbọ́n ṣúgà kì í jáde sínú ìtọ̀ ológbò àfi tó bá ti kọjá nǹkan bíi 250 sí 300 nínú ẹ̀jẹ̀. Èyí tó tún ń fi ketone hàn (ohun olóró tí ara ń dá sílẹ̀ tí ínsúlínì kò bá tó) ni kí ẹ rà. Ọjọ́ tí àwọ̀ ketone bá yọ, ẹ má dúró di ọjọ́ kejì.

Ẹ̀gbọ́nÌjẹ̀dẹ́

Òótọ́ ni. Ìyá Dúdú, tí ọwọ́ yín bá ti mọ́ iṣẹ́ náà, ẹ mú ọjọ́ Sátidé kan tí ẹ kò lọ ibì kankan, kí ẹ wọ̀n ọ́n ní wákàtí méjì-méjì láti àárọ̀ títí di abẹ́rẹ́ alẹ́. Nọ́ńbà kan ṣoṣo dà bí ẹni tó yọjú wo ọjà ní Sábó lẹ́ẹ̀kan, tó ní kò sí ènìyàn. Ibi tó balẹ̀ jù lẹ ń wá. Ó sábà máa ń bọ́ sí wákàtí mẹ́rin sí mẹ́jọ lẹ́yìn abẹ́rẹ́.

Ẹ wo sírínjì yín náà. Ínsúlínì kan wà tó jẹ́ U-100 (100 yúníìtì nínú mílílítà kan), òmíràn jẹ́ U-40 (40 péré), sírínjì wọn kò dọ́gba. Ẹni tó bá fi sírínjì U-40 fa ti U-100 ti fún un ní ìlọ́po méjì àti ààbọ̀. Ọ̀pọ̀ ìgbà tí a ń sọ pé ẹ̀rọ ń parọ́, abẹ́rẹ́ ló ń parọ́. Tàbí fíríìjì: ínsúlínì tó bá ti gbóná jù nígbà tí kò sí iná lè pàdánù agbára rẹ̀. Tí iná bá lọ títí, inú ìkòkò amọ̀ tí mo fi yanrìn tútù yí ká ni mo ń gbé tèmi sí. Kò tó fíríìjì, ṣùgbọ́n ó sàn ju orí tábìlì lọ.

ÌyáDúdú, Ìgbógbó

Ẹ̀yin ará ilé, mo ti dé. Ọjọ́ mọ́kànlá rèé. N kò gún un lálẹ́ ọjọ́ yẹn, mo pe dókítà láàárọ̀, ó ní mo ṣe é re. Mo ra sítíríìpù tuntun, ó wà nínú dúrọ́ọ̀, mo kọ ọjọ́ sí i. Omi àyẹ̀wò fi hàn pé ẹ̀rọ ìyá dára. Èyí tó wà lórí fíríìjì tẹ́lẹ̀, mo fi omi náà dán an wò kí n tó dà á nù: ó fi nǹkan bí 90 lé sí ohun tó yẹ. Ìyá ti ń fi nǹkan yẹn wọn ara rẹ̀ láti ìgbà wo, Ọlọ́run ló mọ̀.

Sátidé tó kọjá, a jókòó tì í. Agogo méje àárọ̀, 296, mo fún un lóúnjẹ àti abẹ́rẹ́. Mẹ́sàn-án, 251. Mọ́kànlá, 188. Agogo kan, 141. Mẹ́ta, 133. Márùn-ún, 197. Méje alẹ́, 268. Ẹ̀ẹ̀kan péré ni a jà, ti agogo mọ́kànlá, nígbà tí aládùúgbò tan jẹnẹrétọ̀. Mo ya àwòrán ìwé náà ránṣẹ́ sí dókítà. Ó ní kí n má fọwọ́ kan yúníìtì, ká tún un ṣe lẹ́yìn ọ̀sẹ̀ méjì, òun á sì ṣe àyẹ̀wò fructosamine, èyí tó ń sọ bí ṣúgà ṣe rí fún nǹkan bí ọ̀sẹ̀ méjì sẹ́yìn, tí ẹ̀rù ọjọ́ kan kò lè yí padà. Ó ní àwọn ológbò kan máa ń bọ́ lọ́wọ́ ínsúlínì pátápátá tí a bá tètè mú un. Mo ti gba ẹ̀bà lẹ́nu Dúdú. Ó ń bínú sí mi.

Nǹkan kan ló kù. Ìyá ọkọ mi ti gbẹ́sẹ̀ lé ìbọ̀sẹ̀ ìrẹsì náà, wọ́n ní ìka àwọn náà tutù, ẹ̀jẹ̀ kì í jáde. Mo ń lọ ran òmíràn.